Abọ́ Idẹ Tó Ń Pe Ọkàn Wálé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Rà Á

Abọ́ kékeré kan wà tí àwọn èèyàn ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gbé ka orí òṣùká aláṣọ, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹgọ́ onígi lù. Singing bowl ni wọ́n máa ń kọ síbi tí wọ́n ti ń tà á; abọ́ agogo la ó máa pè é níbí. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe ni pé ó ń pe ọkàn padà síbi tí ara wà: kí ẹni tó ń fọ àwo mọ̀ pé àwo lòun ń fọ̀, kí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn mọ̀ pé ọwọ́ òun wà lára ilẹ̀kùn, kí àwọn ohun tí a ti ń ṣe láìwojú wọn mọ́ lè padà ní ọ̀wọ̀ lójú wa. Ṣé ó ń ṣe é lóòótọ́? Ó ń ṣe é, bí abọ́ náà bá dára tí ẹ sì mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á rò pé inú lílù ni iṣẹ́ náà wà. Ìgbà tí ohùn bá ń kú lọ ló wà.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Bí kọ̀ǹgọ́ bá kan abọ́, ohùn á yọ lójijì, á kún inú yàrá, etí kò sì ní ṣe wàhálà kankan kó tó gbọ́ ọ. Ẹ lè máa gbọ́ ọ kí ẹ máa ro gbèsè. Tó bá di bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, etí á wá ní láti máa tẹ̀lé e. Nígbà tó bá fi máa tó 15 sí 20, ẹ ò ní mọ̀ mọ́ bóyá ẹ ṣì ń gbọ́ ọ ni àbí ẹ kàn ń rántí rẹ̀. Níbi tí ẹ dé yẹn, ọkàn ò ráyè rìn jìnnà. Lẹ́yìn náà ni ìró fáànù, ẹyẹ ìta, omi tó ń kán, èémí ẹni fúnra ẹni á wá yọ síwájú bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn wọ́n ni. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ fowó rà nìyẹn. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni.

Nítorí náà, gígùn ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo adùn rẹ̀ tàbí àwòrán tí wọ́n fín sínú abọ́. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, èémí mẹ́ta á sì gba ìṣẹ́jú àáyá 9 sí 15. Ó máa ń falẹ̀ díẹ̀ sí i bí èèyàn bá ń tẹ́tí. Abọ́ tí ohùn rẹ̀ bá kú kí èémí mẹ́ta tó pé kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀n tiwa ni 20: ẹ lù ú ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nínú yàrá tó dákẹ́, kí ẹ fi aago kà á. Bí ohùn rẹ̀ kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ohun tó ń fún un ní gígùn ni ohun tí wọ́n fi rọ ọ́, ibẹ̀ sì ni irọ́ pọ̀ sí jù. Ẹ máa kà á pé irin oríṣi méje ni wọ́n pò pọ̀: wúrà, fàdákà, mákúrì, bàbà, irin, tánganran (èyí tí Òyìnbó ń pè ní tin, kì í ṣe ti àwo) àti òjé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ márùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irú abọ́ bẹ́ẹ̀ wò, bàbà àti tánganran ni wọ́n ń bá nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, tánganran jẹ́ bí ìdá 22 nínú 100, bàbà ló kó ìyókù. Ohun tí wọ́n fi ń rọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jìnnà sí i. Bí ẹ bá rí díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn yòókù, ẹ̀gbin tó bá òkúta ilẹ̀ wá ni. Ti mákúrì tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín: ní 357°C ló ti ń hó tó ń di ooru lọ, bẹ́ẹ̀ bàbà kì í yọ́ àfi bí iná bá dé 1,085°C. Ta ló máa bá wọn mú un dúró sínú ìkòkò?

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n fi bàbà àti síǹkì ṣe. Èdè wa ń pe méjèèjì ní idẹ, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà kì í fi í mọ́ lẹ́nu ẹni tó ń rajà. Ẹ má bi oníṣòwò bóyá idẹ ni. Ẹ bi í bóyá tánganran ló wà nínú rẹ̀ àbí síǹkì. Ti síǹkì máa ń pọ́n yẹ́ríyẹ́rí bíi wúrà, ẹ̀rọ ló sábà máa ń ṣe é, ohùn rẹ̀ máa ń mú, ó sì máa ń tètè kú. Ti tánganran máa ń dúdú díẹ̀, bí àwọ̀ ewé gbígbẹ, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú nígbà tó ṣì gbóná. Àpá òòlù kò tó fún ẹ̀rí o, nítorí ẹ̀rọ náà ti mọ bí a ṣe ń ṣe àpá. Bí àpá náà bá dọ́gba, tí wọ́n tò bíi ti aṣọ títẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣe é. Òòlù ọwọ́ ò lè ṣe é kó dọ́gba bẹ́ẹ̀: ọ̀kan á jìn, ìkejì á fẹ̀, etí abọ́ náà á nípọn níbìkan ju ibòmíràn lọ.

Àìdọ́gba yẹn ló ń mú kí ohùn abọ́ ọlọ́wọ́ máa fì. Bí abọ́ kò bá rí roboto tán, ohùn méjì tó sún mọ́ra ló máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Bí ọ̀kan bá fi ìgbọ̀n mẹ́ta ju ìkejì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ máa gbọ́ tí ohùn náà ń wú tó ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀. Àwọn kan máa ń kà á sí àbùkù. Lójú tiwa, àǹfààní ni, nítorí ó ń fún etí ní ohun tó máa dì mú títí tí ohùn á fi parẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló dára jù. Bó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó ń bọ̀ wá dà bí ariwo mọ́tò tí wọ́n fẹ́ jí gbé, ó sì ń sú ni kíákíá.

Ní ti títóbi, fífẹ̀ 10 sí 13 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ mú. Èyí á dúró lórí àtẹ́lẹwọ́, á sì ṣeé gbé láti yàrá dé ilé ìdáná. Èyí tí kò tó 9, ohùn rẹ̀ máa ń mú jù. Èyí tó kọjá 18 máa ń wúwo, ohùn rẹ̀ á jinlẹ̀, á sì pẹ́. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ jókòó fún wákàtí kan. Fún ohun tí ẹ fẹ́ lù láàárín iṣẹ́ ilé, ibì kan náà ló máa jókòó sí títí eruku á fi bò ó.

Kọ̀ǹgọ́ àti òṣùká tí wọ́n fi ń tẹ̀lé e kì í sábà dára, ẹ sì máa rò pé abọ́ ló burú. Bí òṣùká bá fẹ̀ jù, ó máa ń kan ẹ̀gbẹ́ abọ́, á sì mu ohùn rẹ̀. Ìdí abọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí ìdí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n. Etí àti ẹ̀gbẹ́ ló ń gbọ̀n. Bí ẹ bá gbé e ka orí tábìlì láìsí òṣùká, á máa jó, á sì máa dún gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Ní ti kọ̀ǹgọ́, igi lásán máa ń mú ohùn le. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi awọ tàbí òwú kíki wé lórí. Ẹni tí kò bá rí i rà lè fi aṣọ nípọn we orí kọ̀ǹgọ́ onígi nígbà méjì, kó fi okùn dì í. Ìyàtọ̀ tó máa ṣe á yà yín lẹ́nu.

Lílù rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Bí abọ́ bá wà lọ́wọ́, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ìka má ká mọ́ ọn. Ìka kan ṣoṣo tó bá kan ẹ̀gbẹ́ ti tó láti pa ohùn náà. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹgọ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, kó kan ìsàlẹ̀ etí abọ́ díẹ̀, kó sì fò kúrò lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó dúró lára abọ́, ohùn gígé lẹ máa gbọ́. Kò nílò agbára. Ìwọ̀n tí èèyàn fi ń kan ilẹ̀kùn ilé aláìsàn ti tó.

Ohun kan wà tí a rí kọ́ lára àwọn ará Plum Village, ibùgbé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí Thich Nhat Hanh, ọmọ Vietnam, dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1982. Wọn kì í sọ pé àwọn lu agogo. Wọ́n ní àwọn pè é. Kí wọ́n tó pè é, wọ́n á kọ́kọ́ fi kọ̀ǹgọ́ kàn án, wọ́n á sì fi í síbẹ̀ kí ohùn má lè jáde tán. Ìdajì ohùn yẹn ń kìlọ̀ fún etí pé gbogbo ohùn ń bọ̀. Àgò ni wọ́n ń kí. Wọ́n á mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni ohùn kíkún á tó jáde, wọ́n á sì mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohùn tó bá yọ láìkágò máa ń dẹ́rù ba ẹni tó wà nítòsí, ẹni tí ẹ̀rù bà kò sì lè farabalẹ̀.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé kí ẹ máa fi kọ̀ǹgọ́ ra etí abọ́ yíká kó lè máa hu. Ó ṣeé ṣe, ohun tó sì ń mú un dún ni pé kọ̀ǹgọ́ ń lẹ̀ ó ń yọ̀, ó ń lẹ̀ ó ń yọ̀, bí ọrun gòjé lára okùn. Bó bá ń han etí, ẹ ń yára jù. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ń ta pọ́n-ùn pọ́n-ùn lára etí abọ́, ìgbọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ ju agbára ọwọ́ yín lọ, ẹ dín eré kù. A ò fi èyí pọ̀ mọ́ ohun tí a fi ń ṣe ìdájọ́, nítorí ọwọ́ ni iṣẹ́ náà máa ń wà fún, kì í kan etí.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe lò ó nínú ilé. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé èèyàn á fẹ́ lù ú sí gbogbo nǹkan lọ́jọ́ kan náà. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọjọ́ 14. Àwo fífọ̀ dára gan-an, nítorí ó ń wáyé lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni du ú. Ẹ gbé abọ́ náà sí tòsí, síbi tí omi ò ti lè ta sí i. Ẹ kágò, ẹ pe ohùn, ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ dúró títí ẹ ò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ àwo kan. Àwo kan péré ni iṣẹ́ náà: bó ṣe wúwo tó lọ́wọ́ òsì, bí omi ṣe gbóná tàbí tutù tó, ibi tí ọṣẹ ti ń yọ̀, ìgbà tí ìka bá kọ́kọ́ gbọ́ kíké mímọ́ lára rẹ̀, bí ẹ ṣe gbé e sílẹ̀. Bí ọkàn bá rin ìrìn àjò nígbà tí ẹ dé àwo kejì, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá gbìyànjú láti di ọkàn mú fún àwo ogún máa fi ìbínú parí iṣẹ́ náà, kò sì ní ṣe é lọ́la.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa ń dùn. Ní bí ọjọ́ karùn-ún, ohùn abọ́ náà ti di ọ̀kan nínú ẹrù ilé: ẹ máa lù ú, ẹ máa mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkàn á sì ti dé ọjà kí ohùn tó kú. Abọ́ ò bàjẹ́. Bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ohun tí kò bá yí padà, kì í pẹ́ kó tó pa á tì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi lílù kún lílù níbí, èyí sì máa ń yára bà á jẹ́. Ẹ gbé abọ́ náà síbòmíràn, tàbí kí ẹlòmíràn bá yín lù ú, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lù ú lọ́jọ́ kan, ẹ má lù ú lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí ẹ ò lù ú, ìró omi tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni kí ẹ fi ṣe agogo. Ẹ tẹ́tí sí i fún èémí mẹ́ta. Ẹni tó bá ti rí i pé ẹ̀rọ omi, ìdè ilẹ̀kùn àti ìkòkò tó ń hó lè pe òun bí abọ́ ṣe pe òun ti jèrè owó rẹ̀, kódà bí kò bá fọwọ́ kan abọ́ náà mọ́.

Àṣìṣe tó tún burú ni kí èèyàn máa retí kí ara òun bù máṣọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì kò ní ṣẹlẹ̀, ẹni náà á wá rò pé abọ́ tòun kéré, á lọ ra èyí tó tóbi. Àwọn oníṣòwò mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta méje méje papọ̀. Lawrence, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Carmelite, ní Paris ní ọ̀rúndún 17, ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí, ohun tí wọ́n sì fi ń rántí rẹ̀ títí dòní ni pé kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó ń gbàdúrà àti ìgbà tí ariwo ìkòkò gba gbogbo ilé. Ìkòkò ló ní, kò ní abọ́ méje.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé òrìṣà kan wà nínú rẹ̀, abọ́ ni. Ní Japan, wọ́n ń lo irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rin níwájú pẹpẹ ilé àti nínú tẹ́ńpìlì, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agogo tí àwọn Kátólíìkì ń lù fún àdúrà Áńjẹ́lù láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ náà ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kó dúró díẹ̀, ìpè àdúrà Mùsùlùmí sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Ẹni tó bá ní irú ìpè bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ́, kó kọ́kọ́ lo ìyẹn kó tó náwó.

Agogo orí fóònù ńkọ́? Áàpù Plum Village ní agogo nínú, ọ̀fẹ́ ni, Insight Timer náà sì ní agogo tí ẹ lè tò sí àárín àkókò tí ẹ bá fẹ́. Wọ́n fi ohun kan ṣoṣo ju abọ́ lọ, ohun náà kì í sì í ṣe kékeré: abọ́ kì í lu ara rẹ̀. Ẹ ní láti rántí kí ẹ tó lù ú, bẹ́ẹ̀ àìrántí gan-an ni àìsàn tí ẹ ń wá oògùn sí. Fóònù á rántí fún yín. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnu kékeré fóònù kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀, ìparí ohùn tí a ní òun ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ á sì sọnù sínú ariwo yàrá. Ẹ tún máa mú fóònù lọ́wọ́ láti pa agogo, ẹ ó rí iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́, ọkàn á tún lọ. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ má tò ó sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ tó, kí fóònù wà níbi tí ọwọ́ ò ti lè tó o.

Fún ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń há bó bá ń ṣọ́ èémí rẹ̀, ẹ fi èémí sílẹ̀. Ẹ la ojú sílẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí ohùn nìkan, kí ẹ sì fi ọkàn sí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀. Ẹ má gbé abọ́ sún mọ́ etí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó, kó yan ohùn ìsàlẹ̀ tàbí kó má rà á rárá. Ẹni tó bá sì ń tà á fún yín pé eléyìí fún kíndìnrín, tọ̀hún fún ọkàn, ẹ kúrò níbẹ̀: abọ́ kan ṣoṣo máa ń mú ohùn púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èwo nínú wọn ni ti kíndìnrín? Wọ́n tún máa ń ní kí ẹ da omi sínú rẹ̀ mu. Ẹ má ṣe é. Ohun kíkan máa ń yọ bàbà jáde, ẹ ò sì mọ ohun mìíràn tí wọ́n fi rọ ọ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Òógùn ọwọ́ ń sọ ọ́ di dúdú, aṣọ gbígbẹ lẹ máa fi nù ún. Bó bá dọ̀tí, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Kànrìnkàn irin á ha á.

Bí ẹ bá rà á láti ọ̀nà jíjìn, ẹ bèèrè fídíò tí wọ́n ti lù ú lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì dákẹ́ títí ohùn á fi kú, pẹ̀lú ìwọ̀n fífẹ̀ àti bó ṣe wúwo tó. Fídíò tí wọ́n fi orin sí lábẹ́ kò wúlò. Lọ́jọ́ tó bá dé, kí ẹ tó ju páálí rẹ̀ nù, ẹ gbé e lé orí ìka mẹ́ta, ẹ fi kọ̀ǹgọ́ kàn án díẹ̀ níbi mẹ́rin yíká. Bí ibì kan bá dún bí àpáàdì, ó ti sán lọ́nà. Ẹ yí etí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí ìlà tín-ín-rín kan. Idẹ tí tánganran pọ̀ nínú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó máa ń là bó bá bọ́ lulẹ̀, jórinjórin kankan ò sì lè dá ohùn rẹ̀ padà bó ṣe wà. Èyí tó bá sán lẹ́yìn tí àkókò ìdápadà ti kọjá, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa ju kọ́kọ́rọ́ ilé sí i bí ẹ bá wọlé. Ìró yẹn kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí kan péré ni kí ẹ fi tẹ̀lé e.